Ojú Ewé Mẹ́jọ Hasanat

Hasanat ti to ìwé fún ọdún mọ́kàndínlógún kó tó sọ fún mi pé òun fẹ́ kí orúkọ òun wà nínú ọ̀kan. Kì í ṣe ìwé tí òun nìkan kọ o. Ó ní orí òun ò dàrú tó bẹ́ẹ̀. Ìwé kan ṣáá, tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, tí èèpo ẹ̀ ń dán, tó wà lórí pẹpẹ tí òun ń nu eruku ẹ̀ lójoojúmọ́, tí èèyàn bá ṣí i, kó bá orúkọ òun pàdé níbì kan. Ó tán.

Inú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti sọ ọ́, lórí àga rọ́bà tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ti là tí mo fi wáyà dì. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Mo ń tẹ̀wé, mo ń ṣe fọ́tókópì, mo ń di pírójẹ́ẹ̀tì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́, lójú ọ̀nà tó lọ sí Sekona, ní òdìkejì géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí mi ò ní dárúkọ ẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun. Láíbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ni Hasanat wà. Èmi máa ń pè é ní Ìyá Usamah, òun náà á pè mí ní Ìyá Ìbùkún. Oṣù mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún yín. Èèyàn kúkurú ni, tó mọ́ tónítóní. Kóòtù búráùn tí wọ́n fún un nígbà tó wọṣẹ́ ló ṣì ń wọ̀, ó ti lẹ ìgúnpá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Píìnì ọ́fíìsì ló fi ń de híjáàbù ẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n. Bírò pupa ló wà lápò ọ̀tún. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán ìwé ló wà lápò òsì, inú páálí ìṣáná ló fi sí kó má bàa gún un. Tó bá wọlé, òórùn gọ́ọ̀mù àti káńfọ̀ ló máa kọ́kọ́ kí ẹ.

Agbálẹ̀ ni wọ́n gbà á sí. Ìwé mẹ́wàá ló ní, bíi tèmi. Bàbá Bùràímọ̀, tó ń di ìwé ní láíbìrì náà nígbà yẹn, ló ṣàkíyèsí pé tí obìnrin yìí bá gbálẹ̀ tán, ó máa ń dá àwọn ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ lórí tábìlì padà sáyè wọn, kì í sì í ṣì í. Ó mú un sọ́dọ̀. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rán ìwé tó já, bí wọ́n ṣe ń lẹ ẹ̀yìn ẹ̀. "Gọ́ọ̀mù kì í pọ̀, ọmọ mi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Etí nìkan. Tín-ín-rín." Lọ́jọ́ tí Bàbá fẹ̀yìn tì tó ń padà sí Awo ìlú ẹ̀, ó gbé àpótí tó fi ń jókòó lé Hasanat lọ́wọ́. Orí àpótí yẹn ló ń jókòó sí títí dòní.

Nígbà tó yá, àwọn kan fi kọ̀ǹpútà mẹ́jọ ta láíbìrì lọ́rẹ. Àwọn ọ̀gá tì í mọ́ yàrá, wọ́n da aṣọ bò ó, ó di ọdún kan gbáko. Hasanat ló ń gba kọ́kọ́rọ́ láti lọ nu eruku. Ó nu eruku, ó nu eruku, lọ́jọ́ kan ó tanná sí ọ̀kan. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìwé síbẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá a. Ó wá ṣí búlọ́ọ̀gì kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ ní láíbìrì tó bá tún un ṣe, á lọ kọ ọ́ síbẹ̀, Yorùbá díẹ̀, Òyìnbó díẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò.

Èyí táwọn èèyàn fẹ́ràn jù ni "Bí Mo Ṣe Fi Fóònù Ka Ẹ̀yìn Ìwé." Ẹ̀rọ tó ń ka àwọn ilà dúdú tó wà lẹ́yìn ìwé ló bàjẹ́. Àwọn ọ̀gá kọ lẹ́tà béèrè òmíràn, wọ́n ń retí èsì fún oṣù méje. Hasanat wá nǹkan ọ̀fẹ́ kan sórí fóònù ẹ̀ tó fọ́ lójú, ó fi ka ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ya fọ́tò àtàńpàkò ara ẹ̀ láti fi ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ han èèyàn. Àwọn ará láíbìrì ní Òṣogbo, ní Ìwó, ní Ìkirè, wọ́n ń fi ṣiṣẹ́. Ní láíbìrì tiẹ̀ ńkọ́? "Injiníà Ìgbálẹ̀" ni wọ́n ń pè é. Tó bá ń kọjá, ẹnì kan á ní, "Injiníà, ẹ bá wa fi fóònù yín gbá abẹ́ tábìlì yìí." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á sì gbá a.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ láíbìrì àdúgbò wa ní àwọn máa kó gbogbo ohun táwọn èèyàn àwọn ti kọ sí búlọ́ọ̀gì nípa ẹ̀rọ láíbìrì jọ, káwọn tẹ̀ ẹ́ ní ìwé gidi. Ọ̀gbẹ́ni Adéwálé ni alága. Òun náà ni ọ̀gá Hasanat ní láíbìrì. Ọkùnrin gíga kan ni, tó máa ń fi áńkáṣíìfù nu àga kó tó jókòó, ì báà jẹ́ nílé ẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ ìpàdé pé ta ló máa kó o jọ. Kálukú tẹjú mọ́ fóònù.

"Hasanat," ni Adéwálé wí, "ìwọ ni kó o ṣe é. Àwa tó kù níṣẹ́ lọ́wọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Hasanat dìde dúró. "Ṣé tèmi náà á wọlé, sà?"

"Tí wọ́n bá dìbò fún un, ta ló máa dí i lọ́nà? Àbí o rò pé a kórìíra ẹ ni?"

Orí Wásáàpù ni wọ́n ti dìbò. Kálukú dárúkọ èyí tó ti ràn án lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rí. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni wọ́n kó wá, méjìlélógún ni wọ́n mú. Ti Hasanat ṣe ipò kẹta. Ti Adéwálé ṣe ìkejìlélógún, ìyẹn ni pé òun ló gbẹ̀yìn, ó sì kù díẹ̀ kó má wọlé rárá. Hasanat sáré sọdá títì wá bá mi, díẹ̀ ló kù kí kẹ̀kẹ́ gbá a. Ó ní kí n to gbogbo ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí òun rí i. Tiẹ̀ bọ́ sí ojú ewé mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó parí sí méjìdínláàádọ́rin. Ojú ewé mẹ́jọ. Ó ní kí n tẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jáde fún òun. Ó ká a, ó kì í bọ inú kóòtù, ó de bọ́tìnnì kóòtù dé ọrùn nínú oòrùn ọ̀sán.

Òfin tó dá wàhálà sílẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló mú un wá. Ó nídìí. Ní ọdún méjì ṣáájú, ẹgbẹ́ ti tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan rí, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin ará Ìwó kan sí i láìsọ fún un. Ọkùnrin náà wá sí láíbìrì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó pariwo "Olè! Olè oníwèé!" títí táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi gun orí àga láti wò ó. Hasanat ló bu omi fún un mu. Nítorí náà, ó ní lọ́tẹ̀ yìí, kálukú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé òun gbà kí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ òun, kó kọ déètì sí i, kó sì dé ọwọ́ òun kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, Jímọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà.

Adéwálé ní, "Tó bá jẹ́ èèyàn ńlá ńkọ́?"

"Ì báà jẹ́ alága, sà. Ì báà jẹ́ èmi. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ojú ewé. Ká kọ ọ́ sílẹ̀."

Ìpàdé pàtẹ́wọ́. Naimat, akọ̀wé ẹgbẹ́, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí kejì ní yunifásítì, kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo tẹ fọ́ọ̀mù náà fún un, lórí bébà yẹ́lò. Ó ra fáìlì aláwọ̀ ewé, ó fi máákà kọ "KÒ SÍ FỌ́Ọ̀MÙ, KÒ SÍ OJÚ EWÉ" sára ẹ̀.

Ẹ gbà mí gbọ́, fáìlì yẹn yí i padà. Obìnrin tí wọ́n ti ń rán níṣẹ́ láti ogún ọdún, ó wá dẹni tí àwọn oníwèé ńlá ń pè ní "Àǹtí Hasanat, ẹ jọ̀ọ́." Iléyá bọ́ sí Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ gba fọ́ọ̀mù parí gan-an. Èèyàn ti tú lọ sílé. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún àwọn di ọjọ́ Ajé. Ó ní òun ń fi ọwọ́ kan gé ẹran, òun ń fi ọwọ́ kejì gba fọ́ọ̀mù, kí ló ń ṣe tiwọn? Ẹni tí tiẹ̀ bá ní àbàwọ́n epo, ó dá a padà. Ẹni tó bá fi pẹ́ńsù kọ ọ́, ó dá a padà.

Jímọ̀ yẹn, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí aago mẹ́rin, Adéwálé gbé fọ́ọ̀mù tiẹ̀ wá síbi káńtà. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà níbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, mo wá gba sítépílà mi.

Hasanat gbé e yẹ̀ wò. "Ẹ ò kọ déètì, sà."

"Gbé bírò ẹ wá."

"Bírò mi ti ń tán, sà."

Bírò pupa yẹn yọrí lápò ẹ̀ báyìí. Gbogbo wa rí i. Adéwálé wojú ẹ̀, ó wo bírò náà, ó yí padà. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ síbi mọ́tò ẹ̀, à ń gbọ́ bàtà ẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kó, kó, kó. Nígbà tó máa padà dé, òógùn ti gba ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Hasanat gbójú sókè wo aago ara ògiri, ó rọra lu sítáǹpù.

"Ó kù díẹ̀, sà. Ẹ̀ bá kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Adéwálé náà rẹ́rìn-ín. Ó fi áńkáṣíìfù nu ọwọ́ ẹ̀, ìka kọ̀ọ̀kan, ó lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ni Hasanat ní fọ́ọ̀mù ẹ̀ ò dé: Bàbá Bùràímọ̀. Bàbá ti sọ yàrá iwájú ilé ẹ̀ ní Awo di ibi ìkàwé, ó sì ti kọ bí òun ṣe ń fi bátìrì ọkọ̀ gbé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìbò ẹ̀ ṣe ìkejì. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ààwẹ̀, rọpárọsẹ̀ mú un ní apá ọ̀tún. Ní Alámìísì, ọ̀la Iléyá, ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Inú ṣọ́ọ̀bù mi ni Hasanat ti tẹ̀ ẹ́ sókè, níwájú oníbàárà. Ohùn Bàbá lọ́ tìn-ìn, ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu ẹ̀ mọ́: "Hasanat ọmọ mi... mo gbà... ẹ fi sí i... ọwọ́ mi ni ò... ọwọ́ mi..."

Hasanat tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó sín in jẹ, "Ọwọ́ mi ni ò, ọwọ́ mi." Ó ní, "Ṣé ohùn ni mo fẹ́ fi sínú fáìlì?" Oníbàárà kan rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, mi ò ní parọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá wá fúnra ẹ̀. Ọlọ́kadà gbé e láti Awo, ó fi ìborùn so ó mọ́ ara ẹ̀ kó má bàa ṣubú. Ó wọ́ ẹsẹ̀ wọ láíbìrì. Fọ́ọ̀mù yẹ́lò wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀, ó ti fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, íǹkì ṣì wà lára èékánná. Hasanat wà lórí àpótí, àpótí Bàbá gan-an. Kò dìde.

"Ẹ pẹ́, Bàbá. Jímọ̀ ni."

"Ilé ìwòsàn ni mo wà ní Jímọ̀, ọmọ mi. Òṣogbo ni wọ́n gbé mi lọ."

"Kò sẹ́ni tí ò ní ilé ìwòsàn tiẹ̀, Bàbá. Tí mo bá gba tiyín, kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn yòókù? Ẹ fẹ́ kí wọ́n pè mí ní olè oníwèé?"

Bàbá dúró síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún un lága. Ó ní, "Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́."

"Mo mọ̀. Ẹ máa rọra sọ̀kalẹ̀ o, àtẹ̀gùn yẹn ń yọ̀."

Hasanat yọ ojú ewé Bàbá, tó kẹ́yìn nínú ìwé, kúrò níwájú ẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó fi ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe ìṣirò.

Ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀ ni wọ́n ṣe ìpàdé àṣekágbá, lọ́sàn-án Alámìísì, nínú yàrá ìkàwé. Èmi ni mo gbé ìwé tí mo tẹ̀ jáde lọ fún wọn, mo jókòó síbi ilẹ̀kùn. Bàbá Bùràímọ̀ náà wá, torí àgbà ẹgbẹ́ ni, wọ́n sì ní kó wá ṣàdúà. Hasanat wọ léèsì búlúù tó fi ṣe Iléyá, kò wọ kóòtù lọ́jọ́ yẹn. Ó gbé fáìlì fún Naimat kó yẹ̀ ẹ́ wò.

Naimat ń pe orúkọ, ó ń tú fọ́ọ̀mù. Orúkọ, fọ́ọ̀mù. Orúkọ, fọ́ọ̀mù. Nígbà tó dé ìlàjì, ó dúró.

"Àǹtí Hasanat, mi ò rí tiyín."

"Tèmi bíi ti báwo?"

"Fọ́ọ̀mù tiyín, mà. Ojú ewé mọ́kànlélọ́gọ́ta."

Hasanat rẹ́rìn-ín. "Naimat, èmi ni mo ń gbà á. Ta ni mo fẹ́ fọwọ́ sí i fún? Ara mi?"

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Adéwálé fi áńkáṣíìfù nu tábìlì iwájú ẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Akọ̀wé, ẹ bá wa ka ohun tí a kọ sílẹ̀."

Naimat ò fẹ́ kà á. Ẹ̀rù bà á, mo rí i. Ṣùgbọ́n ó kà á: "Àǹtí Hasanat sọ pé ì báà jẹ́ alága, ì báà jẹ́ òun. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ojú ewé. Ìpàdé pàtẹ́wọ́."

Ìgbà yẹn ni ojú Hasanat tó là. Ó na ọwọ́ sí fọ́ọ̀mù òfìfo tó kù lẹ́yìn fáìlì. "Ó dáa, ẹ jẹ́ n fọwọ́ sí i báyìí. Ẹ yá mi ní bírò." Ó fọwọ́ pa àyà lọ, ó pa á bọ̀, lórí léèsì yẹn. Kò sápò níbẹ̀. "Naimat, bírò."

"Bírò ẹ̀ ti ń tán," ni Adéwálé wí.

Yàrá yẹn mì fún ẹ̀rín. Ẹni tó dá fọ́ọ̀mù ẹ̀ padà nítorí epo rẹ́rìn-ín. Ẹni tó fi pẹ́ńsù kọ tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ń lu itan. Hasanat kúnlẹ̀. Kì í ṣe àwàdà, ó kúnlẹ̀ tòun ti léèsì lórí símẹ́ǹtì tó máa ń gbá láràárọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má wo tàná. Mo bẹ̀ yín. Èmi ni mo kó o jọ. Ẹ yọ ohun tó bá wù yín, ẹ fi orúkọ mi sí i. Ẹ tiẹ̀ yọ ọ̀rọ̀ náà, kẹ́ ẹ fi orúkọ nìkan sílẹ̀."

"Èmi kọ́ o, Hasanat. Òfin ẹ ni. Ká dìbò. Ẹni tó bá ní ká tẹ̀lé òfin, kó nawọ́."

Ọwọ́ lọ sókè, ọ̀kan, méjì, mẹ́rin, gbogbo wọn. Ti Naimat ló kẹ́yìn, ó na tiẹ̀ dé ejìká nìkan. Ó wá ku Bàbá Bùràímọ̀. Hasanat yíjú sí i lórí ìkúnlẹ̀. "Bàbá mi," ó ní. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kó pè é bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?" ni Adéwálé béèrè. "Ẹ má dá ara yín láàmú, a mọ̀ pé ọwọ́ ò ṣe é gbé."

Ọwọ́ òsì Bàbá dá pé, ó lè na ìyẹn. Kò nà án. Ó fi ọwọ́ òsì yẹn di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, èyí tó ti kú, ó sì gbé e sókè, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ga ju orí ẹ̀ lọ. Àwọn ìka ẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí ìbọ̀wọ́ òfìfo. Ó gbé e síbẹ̀ títí Naimat fi ka ọwọ́ tán.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ kan. Ní Jímọ̀ Iléyá yẹn, ní aago méjìlá ọ̀sán, Hasanat ti gbé fáìlì wá fún mi kí n ṣe fọ́tókópì. Mo tò wọ́n, mo rí i pé ti ẹni mẹ́ta ò sí níbẹ̀: ti Bàbá, ti Adéwálé, àti ti òun alára. Wákàtí mẹ́rin ṣì wà. Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tó pariwo lé mi lórí níwájú àwọn èèyàn pé lẹ́tà tí mo fi tẹ àkọlé tóbi jù, pé ṣé ojú ń fọ́ mi ni. Mo pa fáìlì dé, mo ní, "Ó ti tán, Ìyá Usamah."

Ṣọ́ọ̀bù mi náà ló ti wá yọ ojú ewé ẹ̀ kúrò lọ́jọ́ kejì, torí iṣẹ́ ẹ̀ ni. Ó ní òun máa yọ ọ́ fúnra òun. Ó dá a láwọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, láti àkọlé dé fọ́tò àtàńpàkò ẹ̀ tó kẹ́yìn, ó tẹ bọ́tìnnì kan. Mo ní kí n tún nọ́ńbà ojú ewé tò kó lè bára mu.

"Fi í sílẹ̀," ó ní.

"Àwọn èèyàn á rò pé ó já."

"Ìyá Ìbùkún, mo ní fi í sílẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀. Báyìí ni ìwé náà ṣe ti ilé ìtẹ̀wé ní Ìbàdàn dé, igba ẹ̀dà, tó ń rùn íǹkì tuntun. "Olóòtú: Adéwálé" ló wà níwájú, lẹ́tà wúrà. Orúkọ ogún èèyàn ló wà nínú. Ní ojú ewé kẹrin, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ àwọn ìyàwó wọn, lọ́wọ́ ẹni tó gbé omi wá sípàdé. Èmi náà wà níbẹ̀: "Ìyá Ìbùkún, tó tẹ̀ ẹ́ sí kọ̀ǹpútà." Hasanat ló fi hàn mí. Ó tẹ ìka mọ́ ọn, ó ní, "O ti wọnú ìwé." Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ fojú sí.

Òun náà ló kọ ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà láíbìrì. Ó tẹ ogún orúkọ yẹn, ó lẹ nọ́ńbà mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, ó gbé e sórí pẹpẹ tó máa ń nù.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan táwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e padà wá síbi káńtà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n, torí láíbìrì yẹn máa ń fìyà jẹ ẹni tó bá ya ìwé. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi kọ́ ni mo ya á o. Láti ọgọ́ta ló fò sí mọ́kàndínláàádọ́rin." Òun ló máa dá wọn lóhùn. "Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn." "Kí ló wà níbẹ̀, mà?" "Kò sí nǹkan kan." Lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Mo rò pé inú ẹ̀ ń dùn sí i díẹ̀. Ojú ẹ̀ máa ń dán tí wọ́n bá béèrè.

Adéwálé gbọ́. Kò bínú. Ó pè é sí ọ́fíìsì, ó ní kó lọ tẹ pélébé bébà kékeré kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Ìwé yìí pé. Kò sí ojú ewé tó sọnù nínú ẹ̀." Kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé ọgọ́ta nínú gbogbo igba ẹ̀dà. "Ìwọ ni kó o lẹ̀ ẹ́, Injiníà," ó ní. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n lẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́. A jọ fi bíléèdì gé e. Ó gbé àpótí Bàbá sọdá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó, ó ṣí gọ́ọ̀mù. Lórí èyí tó lẹ̀ kẹ́yìn, mo rí i pé kò fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo ẹ̀yìn bébà náà. Etí nìkan ni, tín-ín-rín.

Mo ní, "Ìyá Usamah, ìyẹn ò ní pẹ́ ṣí."

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè gbẹ. "Tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ lọ́jọ́ kan," ó ní, "kò ní ba ìwé jẹ́."